Ṣíṣún owó ná lójoojúmọ́ àti fàájì ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan: báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé yín?

Ìyá Ọmọ Méjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá. Kì í ṣe pé a kò ní in o, bí a ṣe ń ná an ló ń kọ mí lóminú.

Ọmọ méjì la bí. Èyí àgbà ti pé ọdún 3, àbúrò rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọmú. Èmi ni mò ń ṣọ́ owó nílé. Ìlédìí aláṣọ ni mò ń fọ̀ fún ọmọ, n kì í ra èyí tí wọ́n ń lò dànù. Aṣọ tí kò bá gba ẹ̀gbọ́n mọ́, mo ti ká a pamọ́ de àbúrò. Kí n tó ra ọṣẹ, mo máa ń fi ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀ pín iye tí wọ́n ń tà á, torí kì í ṣe ìgbà gbogbo ni èyí tó tóbi máa ń dínwó. Iṣẹ́ yìí kò ni mí lára. Ọkàn mi máa ń balẹ̀ bí mo bá rí i pé owó ilé-ìwé ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Bàbá àwọn ọmọ kì í ṣe àpà. Ó ń ṣiṣẹ́ gidi, kì í sì í jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n bí fàájì bá ti wù ú ṣe, ọjọ́ náà gan-an ni yóò ṣe é, tayọ̀tayọ̀. Lóṣù tó kọjá, ó gbé tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà kan wọlé. Inú ọmọ dùn, inú òun náà dùn, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà sídìí aṣọ tí mò ń fọ̀ lálẹ́, ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé gbogbo ohun tí mo ti ń rọra fà sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí wá ló bá tẹlifíṣọ̀n yẹn lọ, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí pé kí ni èmi fẹ́.

Ohun tó sọ ni pé bí a kò bá jayé nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré, ìgbà wo la fẹ́ jẹ ẹ́? Òótọ́ ló sọ. Èmi náà kò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi dàgbà sínú ilé tí "kò sówó" ti jẹ́ èsì gbogbo ìbéèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú èyí kọjá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ìṣúnná kò fi ń di ìyà, tí fàájì kò sì fi ń jẹ owó ilé?

Àǹtí Oníṣirò

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun, mo sì ti tọ́ ọmọ mẹ́ta dàgbà. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni mo rí nínú ohun tí ẹ kọ. Ohun tí mo rí ni pé ẹnikẹ́ni kò bi yín pé kí ni ẹ fẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ owó lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí owó náà máa ṣe. Bí kò bá ní in, bó pẹ́ bó yá, inú rẹ̀ máa bàjẹ́ sí iṣẹ́ tó ń ṣe, ì báà jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ dára bí ọkọ.

Ẹ má sì rò pé ilé yín nìkan ni. Lọ́dún 2011, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn tọkọtaya. Wọ́n rí i pé ẹni tí owó níná máa ń dùn lára àti ẹni tí kì í dùn ló sábà máa ń fẹ́ ara wọn, àti pé bí ìyàtọ̀ náà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìjà owó ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ fi ìwà ọkọ yín sílẹ̀. Ojú ọ̀nà tí owó ń gbà ni kí ẹ jọ tún ṣe.

Ẹ ya àpò fàájì sọ́tọ̀, ní báńkì tàbí nínú kóló, níbi tí kò ti lè dà pọ̀ mọ́ owó ilé. Kí fàájì kankan má ti ibòmíràn jáde. Nílé tiwa, bí 100 bá wọlé, 6 ń lọ sínú àpò yẹn. 2 jẹ́ ti ọkọ mi, 2 jẹ́ tèmi, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi ẹnì kejì pé kí ló fi ṣe. 2 tó kù jẹ́ ti gbogbo ilé, a sì máa ń yí i po: bí ọkọ mi bá ti mú ohun tí a máa fi ṣe, èmi ló kàn, lẹ́yìn mi ó kan àwọn ọmọ. Nígbà tó kọ́kọ́ kàn mí, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo mú. Àwọn kan sọ pé ìyẹn kì í ṣe fàájì. Fàájì ni, torí ọwọ́ mi ló sinmi.

Ti owó ilé-ìwé, táyà ọkọ̀ àti bàtà ọmọ kò sí nínú èyí o. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ pé yóò dé láàárín ọdún sílẹ̀, ẹ pín in sí 12, kí ẹ máa fi ìdá kọ̀ọ̀kan pamọ́ lóṣooṣù.

Richard Thaler, tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé ní 2017, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yìí. Owó kan náà ni gbogbo owó, àmọ́ orúkọ tí a bá sọ ọ́ ló ń pinnu bí ọwọ́ wa ṣe máa ń yá sí i. Bí ọkọ yín bá mọ̀ pé àpò kan wà tó jẹ́ ti fàájì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa bèèrè bóyá ó ti kún.

Bàbá Ìbejì

Àǹtí ti sọ ọ́ tán. Díẹ̀ ni tèmi. Ẹ jẹ́ kí ilé mọ̀ nípa fàájì náà tipẹ́tipẹ́ kí ó tó dé. Ìwádìí kan láti Netherlands, tó jáde ní 2010, fi hàn pé inú àwọn tó fẹ́ lọ gbafẹ́ máa ń dùn ju ti àwọn tí kò lọ kí wọ́n tó gbéra rárá, àmọ́ bí wọ́n bá ti padà dé sílé, ọ̀pọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó sílé. Ìdùnnú ìrètí yẹn kò gba kọ́bọ̀. A fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo òkun, a sì lẹ bébà kan mọ́ ògiri. Alaalẹ́ ni àwọn ìbejì ń ya ẹja sí i.

Ti ọmọ ọdún 3 yín, kò mọ ohun tó wọ́n yàtọ̀ sí èyí tí kò wọ́n. Bí páálí tẹlifíṣọ̀n yẹn bá ṣì wà, ẹ fún un, yóò fi kọ́lé.

Ọlọ́mọ Kan

Mo fara mọ́ ọn, àyàfi bí gbèsè elélé bá wà nílẹ̀. Gbèsè tí èlé rẹ̀ jẹ́ 3 nínú 100 lóṣù, bí a kò bá san nǹkan kan níbẹ̀, tí èlé sì ń gorí èlé, yóò di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí oṣù 24. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀, kó kọ́kọ́ pa á, kó sì jẹ́ kí àpò fàájì kéré gan-an títí dìgbà náà. Mi ò ní kó má ní in rárá, torí ilé tí kò ní ìsinmi kan kì í lè fara da á dópin.

Nǹkan kan tún wà tí n kì í ṣún owó lé lórí: àga ọmọ tí wọ́n ń so mọ́ inú ọkọ̀. Aṣọ àlòkù dára, ìwé àlòkù dára, ṣùgbọ́n àga tí a kò mọ̀ bóyá ó ti bá ọkọ̀ kan ní ìjàǹbá rí, ẹ má gbé e wálé.

Ìyá Ọmọ Méjì

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka ọ̀rọ̀ àǹtí sétí ọkọ mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Kí ni ìwọ ì bá mú?" N kò tíì mọ èsì tí màá fún un, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ó bèèrè. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ló kù: owó tó ń wọlé fún un kì í dọ́gba lóṣooṣù. Ṣé 6 nínú 100 yẹn á ṣì ṣiṣẹ́?

Àǹtí Oníṣirò

Á ṣiṣẹ́. Ìdí tí mo fi ń fi 100 ṣírò nìyẹn, kò sí iye tó dúró sójú kan. Ẹ wo oṣù tí owó kéré jù láàárín ọdún tó kọjá, kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n owó ilé. Lóṣù tó bá wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ ti fàájì, kí ìyókù lọ sínú ohun tí ẹ pín sí 12. Lóṣù tó bá kéré, ẹ fi kóló sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀ fi gbọ́ bùkátà ilé, àyàfi bó bá jẹ́ ti àìsàn. Kí ọkọ yín ló máa ṣe ìṣirò rẹ̀ lóṣù kan, kí ẹ̀yin ṣe é lóṣù kejì.