Gèlè Lórí Àga Mẹ́ta: Ìrírí Àwa Tó Wá Ilé-Ẹ̀kọ́ Lókè Òkun

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àwọn àbúrò mẹ́ta ló ti bi mí lóṣù yìí pé báwo ni mo ṣe rí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wà ní Ohio, ní Amẹ́ríkà. Máàkì ni gbogbo wọn ń béèrè. Máàkì mi ò burú, 4.18 nínú 5, two-one. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba first class ní kíláàsì wa fi fọ́ọ̀mù mẹ́rin sílẹ̀ lọ́dún kan náà pẹ̀lú mi, kò sí ọ̀kan tó bọ́ sí i. Torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọdún 2022 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìlú tán ní Kebbi, mo padà sílé, mo ní kí n gba transcript mi, ìwé tí yunifásítì kọ gbogbo máàkì èèyàn sí, kí n lè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí ọdún tó parí. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. ASUU ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì. Èmi ní ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ nìyẹn, mi ò kúkú ní kíláàsì lọ́dọ̀ wọn mọ́. Mo gbàgbé pé àwọn tó ń tọ́jú fáìlì ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn náà sì ti lọ jókòó sílé. Oṣù Kẹjọ ti ń parí lọ kí wọ́n tó padà. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì náà lóṣù Kẹsàn-án, ìwé tó wà nílẹ̀ ga tó ọmọ ọdún márùn-ún.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ní kí n lọ sanwó ní báǹkì kí n padà wá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní èsì kọ́ọ̀sì kan kò sí nínú fáìlì mi, kọ́ọ̀sì tí mo gba A nínú ẹ̀! Lọ́jọ́ kẹta, màmá kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀ wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Ni mo bá bú sẹ́kún. Màmá yẹn ló dìde, ó bá mi tú fáìlì náà fúnra ẹ̀, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kì í béèrè transcript tí yunifásítì fi òǹtẹ̀ dì ránṣẹ́ nígbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ yà á, ẹ gbé e sórí fọ́ọ̀mù, ó parí. Ìgbà tí wọ́n bá gbà yín tán ni wọ́n á béèrè ojúlówó. Nítorí àìmọ̀ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ méjì tí wọ́n tètè ń ti ilẹ̀kùn ni mo yọ kúrò nínú ìwé mi. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀ ṣá o, ẹ ka ohun tí kálukú wọn kọ síta. Bẹ́ẹ̀ náà ni GRE, ìdánwò tí wọ́n máa ń ní kí èèyàn ṣe kó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ló ti pa á tì láti ìgbà kòrónà, mi ò ṣe é rárá.

Ọ̀rọ̀ owó ń kọ́? Dọ́là 75 ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbà kí wọ́n tó wo fọ́ọ̀mù. Káàdì náírà mi ò sì lè ná ju dọ́là 20 lọ lóṣù nígbà náà, kó tó di pé wọ́n tì í pa pátápátá fún ìnáwó ilẹ̀ òkèèrè ní ìparí ọdún. Mo kọ ímeèlì sí gbogbo wọn pé ẹ jọ̀ọ́, agbára mi ò gbé e. Méjì ní kí n má san. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Houston bá mi san ti mẹ́ta, mo sì san án padà fún ìyá ẹ̀ ní Ṣakí díẹ̀díẹ̀. Márùn-ún yẹn náà ni mo ṣe.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa nìyí. Àròkọ tí wọ́n ní kí a kọ nípa ara wa, mo ti kọ ọ́, ó gún régé. "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn kẹ́mísírì." Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà ní ìjọ kan náà, tó ti ń kàwé ọ̀mọ̀wé lọ́hùn-ún. Ó pè mí lórí fóònù. Kò yìn ín, kò bú u. Ó ní, "Kí lo ṣe nínú láàbù?" Mo ní mo ṣe project. Ó ní, "Mo mọ̀. Kí lo fi ọwọ́ rẹ ṣe?"

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un. Pé èèpo kókó ni mo sun di èédú, tí mo fi ń yọ òjé kúrò nínú omi. Pé ẹ̀rọ tó yẹ kó bá wa wọn òjé náà ti kú kí n tó wọ yunifásítì, tó jẹ́ pé mo ní láti gbé ìgò omi 24 lọ sí ìlú mìíràn nínú kúlà tí ìyá mi fi ń ta omi tútù, owó ni mo sì ń san lórí ìgò kọ̀ọ̀kan. Pé owó ò tó fún gbogbo ìgò, mo wá jókòó ro èyí tí mo lè fi sílẹ̀ tí èsì ò fi ní dàrú. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ìyẹn ni kí o kọ. Èwo lo fi sílẹ̀, kí ló dé tí o fi fi í sílẹ̀?" Bí mo ṣe ju ewé méjì dànù nìyẹn.

Bí mo ṣe ń kọ ímeèlì sáwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà yí padà láti ọjọ́ yẹn. Àwọn ogún tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni, orúkọ nìkan ni mo ń pààrọ̀, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Èyí tí mo fi kúlà sí, mẹ́wàá ni, mẹ́rin dáhùn.

Oṣù Kejì ọdún 2023 dé, ìlú gbóná. Owó tuntun ò sí, owó àtijọ́ ò sí, à ń tò síbi POS láti gba ẹgbẹ̀rún méjì, ìdìbò sì tún wà níwájú. Inú rẹ̀ ni lẹ́tà "a kábàámọ̀" ti ń wọlé. Mẹ́ta tẹ̀ léra wọn. Ìkẹta wọlé nígbà tí mo wà lórí ìlà POS, mo kà á, mo fi fóònù sápò, mo gba owó mi, mo lọ ra gààrí.

Ìkẹrin ní wọ́n gbà mí. Gbogbo ilé hó! Bàbá mi pe gbogbo mọ̀lẹ́bí. Alẹ́ ni mo tó ka ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà: Másítà ni, kò sí ìrànwọ́ kankan, dọ́là 31,000 lọ́dún kan, ilé àti oúnjẹ lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ bàbá wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tà á." Tí a bá ta ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò lè sanwó ọdún kan. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ìrìn-àjò ló ń bà mí.

Ìkarùn-ún ni ti Ohio. Wọn ò gbà mí, wọn ò sì kọ̀ mí. Wọ́n ní orúkọ mi wà lórí waitlist, láàárín àwọn tó ń dúró bóyá ààyè á ṣí. Ẹ̀gbọ́n ìjọ wa ló tún là mí lóye. Ó ní àdéhùn kan wà láàárín ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà, lábẹ́ Council of Graduate Schools, pé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fún ní ìrànwọ́ owó, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fipá mú un dáhùn kó tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Ó ní, "Ṣé o mọ ẹni tó bá dé òde ìnáwó, tó gbé gèlè sórí àga kan, báàgì sórí ìkejì, ọmọ sórí ìkẹta? Tó bá rí ibi tó wù ú jókòó, á kó ẹrù ẹ̀ kúrò lórí àwọn yòókù. Ìwọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o ṣì dúró."

Mo kọ̀wé sí wọn ní ìparí oṣù Kẹta. Ìlà mẹ́rin péré: pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo fẹ́ wá ju ibikíbi lọ, pé èsì tuntun wà lórí èèpo kókó mi, òun nìyí. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹrin, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wọn, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo, ímeèlì wọlé. Ẹnì kan ti kó gèlè ẹ̀. Oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n á san owó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á sì máa fún mi lówó oṣù kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní láàbù. Mo lọ jí bàbá mi.

Àjọ ìyá mi ló san dọ́là 350 ti SEVIS, owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà láti forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè sílẹ̀, àti 160 ti físà. Inú oṣù Karùn-ún ni mo san án, Ọlọ́run ló yọ mí, torí oṣù Kẹfà ni físà di 185, oṣù yẹn kan náà sì ni náírà já lulẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìlọrin:

Àbúrò, o ṣeun. Two-two ni tèmi, kí n má parọ́. Nítorí náà Jámánì ni mo kọjú sí, torí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́, àyàfi àwọn ibi bíi Baden-Württemberg tó ń gba Yúrò 1,500 ní sáà kan lọ́wọ́ àwa tí a ti òde Yúróòpù wá. Uni-assist ló ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn yẹ ìwé wò, Yúrò 75 fún ibi àkọ́kọ́, 30 fún ibi kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ó rọrùn ju ti Amẹ́ríkà lọ.

Ibi tí ọ̀ràn wà ni blocked account. Wọ́n ní kí n fi Yúrò 11,208 pamọ́ kí n tó rí físà, kí wọ́n máa yọ 934 fún mi lóṣù. Owó mi ni o, àmọ́ mo ní láti kọ́kọ́ ní in. Ọkọ̀ tí mo fi ń ṣe Bolt ni mo tà, àbúrò mi ọkùnrin dá kún un, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yá mi ní ìyókù. Nígbà tí owó pé, ọjọ́ tí wọ́n fún mi fún físà bọ́ sẹ́yìn ìgbà tí kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀. Mo kọ̀wé sí yunifásítì, wọ́n ní kí n tún fọ́ọ̀mù fi sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo tún un fi. Wọ́n tún gbà mí. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń wo owó tí mi ò lè fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí dá yín lẹ́rìn-ín: lọ́dọ̀ wọn, 1.0 ni máàkì tó dára jù, 4.0 ni ẹni tó kàn rọ́nà gbà. Nígbà tí èsì sáà àkọ́kọ́ mi jáde, mo fi 1.7 han bàbá mi lórí fídíò. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Kò burú, Ọlọ́run á ràn ẹ́ lọ́wọ́."

Ìyá Àkọ́bí:

Tèmi ò gùn. Ìlú ọba gbà mí fún Másítà ọlọ́dún kan, ti oṣù Kìíní ọdún 2024. Ọmọ mi jẹ́ ọdún mẹ́ta. Lóṣù Karùn-ún 2023, ìjọba wọn kéde pé ẹni tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024 ò ní lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ìwádìí ló ń ṣe. Mo bẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n sún mi sí oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti san owó tí èèyàn fi ń di ààyè rẹ̀ mú. Mi ò rí i san. Ìyá mi ní kí n fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, gbogbo ayé ló ń ṣe é. Mo ro ó fún òru kan. Mo kọ̀wé pé mi ò wá mọ́.

Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe Másítà báyìí. Àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí ṣì ń pè mí ní ẹni tí físà já sílẹ̀. Físà ò já mi sílẹ̀, mi ò dé ibẹ̀.

Ọmọ Ìwó:

Ẹ̀gbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú làálàá. Ọdún yìí ni mo fẹ́ fi tèmi sílẹ̀, báyọ́lọ́jì ni mo kà. Mo ti fi àròkọ mi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín lánàá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:

Mo ti rí i, àbúrò. "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ẹranko." Pa ìlà yẹn rẹ́, kí o pè mí lálẹ́ yìí. Ó ku ibì kan ní ewé kejì tí o ti ní o máa ń jí ní aago mẹ́rin lọ ka ẹ̀fọn nínú ìkòkò. Ìkòkò mélòó ni?