Àwọn ẹyẹ mi ń kú nínú àgò kan náà, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ìyá Ẹlẹ́yẹ: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Pẹ̀lú omijé ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Láàárọ̀ òní ni mo bá budgie (ẹyẹ kékeré ìdílé ayékòótọ́) mi kan nílẹ̀ àgò, ó ti kú, òun sì ni ẹyẹ kejì tí mo pàdánù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Akọ zebra finch (ẹyẹ kékeré tó ń jẹ ọkà) mi kan pẹ̀lú ti pàdánù ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì, n kò sì mọ ẹni tó gé e jẹ. Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ àgò yìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé gbogbo igi tí wọ́n ń bà lé, mo sì fara da káfíńtà tó yẹ àdéhùn lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó ṣe ilẹ̀kùn. Àbúrò ọkọ mi wá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ẹyẹ ni mo fi rọ́pò ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí wọra. Ojoojúmọ́ ni mo ń pààrọ̀ omi wọn. Kí ni mo ṣe tí kò dára? Irú ẹyẹ wo ni a lè sìn pọ̀ láìsí ìjà?

Olùtọ́jú: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ kò sọ iye ẹyẹ tó wà níbẹ̀, ẹ kò sọ gbogbo irú tí wọ́n jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò sọ bí àgò náà ṣe gùn tó. Láìmọ ìwọ̀nyí, kò sí ẹni tó lè dá yín lóhùn bó ṣe yẹ.

Bàbá Onísùúrù: Budgie ló ṣe é, mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kó budgie mẹ́fà pọ̀ mọ́ zebra finch mẹ́rin, wọ́n sì ń ṣe dáadáa títí mo fi gbé àpótí ìtẹ́ sínú àgò. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn abo budgie ti ń wọ ìtẹ́ àwọn finch, tí wọ́n sì ń ti ẹyin wọn dànù. Ẹnu budgie le ju bó ṣe rí lójú lọ, ẹsẹ̀ finch sì tínrín bí ìgbálẹ̀. Mo sin mẹ́ta nínú wọn kí n tó gbọ́n, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ọmọ Olóòótọ́: Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n àwọ̀ ẹyẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò kí wọ́n tó rà á, wọn kì í bèèrè ìwà rẹ̀. Ẹ má kó ẹyẹ onírúurú pọ̀ rárá. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Alágò Ńlá: N kò fara mọ́ èyí. Ọdún mẹ́fà nìyí tí cockatiel (ẹyẹ mìíràn nínú ìdílé ayékòótọ́) àti zebra finch mi ti ń gbé pọ̀. Cockatiel tóbi ju finch lọ fíìfíì, síbẹ̀ ẹlẹ́mìí pẹ̀lẹ́ ni. Àyè ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ẹyẹ máa ń fò síwá sẹ́yìn ju bó ṣe ń fò sókè lọ, nítorí náà gígùn àgò ṣe pàtàkì ju gíga rẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ sí ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹnì kan má baà gba gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Olóòótọ́: Àgò tiyín gùn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́yẹ: Ẹ ṣeun. Àgò mi gùn ní mítà méjì, ó sì ga jù mí lọ. Kí àwọn méjì tó kú, ẹyẹ 15 ló wà nínú rẹ̀: budgie mẹ́fà, zebra finch márùn-ún, cockatiel méjì, àti àwọn méjì tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi. Ọdún kan gbáko ni wọ́n lò pọ̀ láìjà, nítorí náà n kò gbà pé àgò ló kéré jù. N kò sì ní àyè tí mo lè pín wọn sí.

Olùtọ́jú: Àwọn méjì tí ẹ̀gbọ́n yín fún yín, báwo ni wọ́n ṣe rí? Ìgbà wo sì ni wọ́n dé?

Ìyá Ẹlẹ́yẹ: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí. Wọ́n jẹ́ aláwọ̀ ewé, ojú wọn pupa rẹ́súrẹ́sú, ìrù wọn kúrú. Wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Inú àpótí ìtẹ́ ni wọ́n máa ń wà, abo sì ti yé ẹyin mẹ́rin. Ọjọ́ tí wọ́n dé gan-an ni mo ti kó wọn sínú àgò, kí wọ́n má baà ṣe àjèjì.

Alágò Ńlá: Lovebird nìyẹn, ìyá wa, ẹyẹ kékeré ìdílé ayékòótọ́ ni! Kò sí ẹyẹ kékeré tó burú tó o láti kó mọ́ finch, pàápàá nígbà tó bá ń ṣọ́ ìtẹ́. Ẹsẹ̀ ló máa ń bù jẹ. Ẹ yọ wọ́n kúrò lónìí.

Bàbá Onísùúrù: Mo gba èyí wọlé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ budgie.

Ọmọ Olóòótọ́: Ó kéré tán, ọjọ́ 30 ló yẹ kí ẹyẹ tuntun fi dá wà kó tó pàdé àwọn yòókù. A ti sọ ọ́ títí.

Ìyá Ẹlẹ́yẹ: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi wí mọ́. Àwọn tó kú kò ní ọgbẹ́ kankan. Ṣe ni wọ́n wú ìyẹ́ sókè fún ọjọ́ méjì, ojú wọn ń ṣomi, ìgbẹ́ wọn sì ní àwọ̀ ewé. Ara èmi náà kò yá láti ọjọ́ Àìkú, ibà àti ikọ́ gbígbẹ ni, orí sì ń fọ́ mi. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù.

Olùtọ́jú: Ìyá wa, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìjà sílẹ̀ ná. Àrùn kan wà tí kòkòrò tó ń jẹ́ *Chlamydia psittaci* ń fà, ẹyẹ ìdílé ayékòótọ́ sì lè máa gbé e kiri láìfi àmì kankan hàn. Eruku ìgbẹ́ gbígbẹ àti ti ìyẹ́ ni ènìyàn fi ń fà á símú. N kò lè sọ pé òun ló mú yín, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí ẹ sì sọ fún dókítà kí ó tó bèèrè pé ẹ ń sin ẹyẹ àti pé méjì ti kú. Oògùn wà fún un tí a bá tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ má gbá àgò náà ní gbígbẹ: ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bo imú yín. Ẹ fi ọ̀rá méjì wé òkú budgie náà kí oníṣègùn ẹranko lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ẹyẹ kankan. Tí ó bá jẹ́ òun, ìtọ́jú àwọn ẹyẹ sábà máa ń gba ọjọ́ 45.

Ìyá Ẹlẹ́yẹ: Ilé ìwòsàn ni mo wà báyìí. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n sì ti fún mi lóògùn. Àbúrò ọkọ mi ló bo imú rẹ̀ tó gbé lovebird méjèèjì àti àpótí wọn lọ sí àgò ọ̀tọ̀, mo sì ti ní kí ó yára lọ rí dókítà tí ibà bá mú un. Ó ní zebra finch tó pàdánù ìka ṣì ń jẹun.