Àbùùbùtán ti lórúkọ, arọ̀mọ́mú ló kù

Ẹ̀yin ará mi, àbá méjì lẹ mú wá: pé ká fi "erinmi òkun" rọ́pò àbùùbùtán (whale), ká sì máa pe àwọn ẹranko tí òyìnbó ń pè ní marsupial, àwọn bíi kangaroo, ní "ẹran alápò". N kò fara mọ́ ti àkọ́kọ́ rárá, ìkejì sì kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ tú àbùùbùtán wò ná. "Ì" tó dúró fún "kò" nínú àwíìgbọ́ ló wà láàárín rẹ̀, ù tó ṣáájú ló gbé e mì. À-bù-ì-bù-tán: a bù ú, bù ú, kò tán. Fún ẹran tó lè gùn tó mítà 30, kí la tún fẹ́ kí orúkọ sọ? Erinmi ti ní ẹran tó ń jẹ́ ẹ, inú odò ló sì wà. "Ẹja" tí àwọn kan máa ń fi síwájú àbùùbùtán ló yẹ ká gé kúrò, torí ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú.

Ti alápò ló gba àròjinlẹ̀. Ọ̀kẹ́tẹ́ náà lápò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, oúnjẹ ló ń kó sí i, kì í sì í ṣe ara àwọn marsupial. Numbat, ẹran kékeré kan ní Ọsirélíà, jẹ́ ara wọn, kò lápò. Ẹnìkan ní ká kúkú sọ ọ́ di "agbọ́mọsápò". Ìtumọ̀ rẹ̀ dáa, àmọ́ bí mo ṣe pè é jáde, gbọ́mọgbọ́mọ ni etí mi gbọ́. Orúkọ àtijọ́ lè má ṣe wẹ́kú, ẹnu ti mọ́ ọn; èyí tí a bá ṣẹ̀dá lónìí, tí a ti mọ ẹran náà tinú-tòde, kò yẹ kó ṣini lọ́nà.

Ẹ wo ọmọ wọn. Ọmọ àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé gùn tó mítà 7, ó sì ń bá ìyá rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ kiri. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, ẹran kan wà tó ń jẹ́ honey possum, ó kéré bí eku ẹlírí, omi dídùn inú òdòdó ló ń lá. Ọmọ tó bá bí kì í ju nǹkan bíi mílígíráàmù 5 lọ. Hóró ìrẹsì kan wúwo jù ú lọ. Kò ríran, kò nírun, ọwọ́ iwájú ló fi ń wọ́ lọ síbi ọmú. Bó bá ti gbá a mú, orí ọmú á wú sí i lẹ́nu, á há síbẹ̀. Ọmọ numbat tí ìyá rẹ̀ ò lápò náà, ọmú ló rọ̀ mọ́.

Arọ̀mọ́mú ni mo dábàá: a-rọ̀-mọ́-ọmú. Ẹ lè ní gbogbo afọ́mọlọ́mú ló ń mu ọmú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ àbùùbùtán á mu tirẹ̀, á fi í sílẹ̀, á lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ti honey possum kò lè fi í sílẹ̀.