Ìwé orúkọ tí ikán ti ń jẹ: ẹ wá sọ ti ilé ìwé àtijọ́ àdúgbò yín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, létí Òmù-Àrán. Bí mo bá sọ tán, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé náà, wọ́n fi páànù bò ó. Àwọn òbí ló fọwọ́ ara wọn mọ ọ́n: ọkùnrin ń po amọ̀, obìnrin ń pọnmi. Yàrá mẹ́ta péré. Nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní oṣù kẹsàn-án 1976, mo wà lára àwọn tí wọ́n ní kó na ọwọ́ gba orí kọjá kó fi kan etí kejì. Ọwọ́ mi kàn án, wọ́n bá gbà mí. A pọ̀ débi pé abẹ́ igi máńgòrò ni kíláàsì tiwa. Bí òjò bá ti ṣú, a ó sáré wọlé lọ há mọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wa.

Ìgbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù, wọ́n pa ti amọ̀ tì. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ìpàdé ìlú ní kí a wó o, kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn bẹ ọ̀gá ilé ìwé pé kó jẹ́ kí n wo inú yàrá ẹrù ná. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sí. Ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tán, ó ti ń wọ inú lọ. Mo ń ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo bá kan orúkọ ìyá mi.

Títí ìyá mi fi kú, "èmi ò mọ ọ̀nà ilé ìwé" ló máa ń wí. Ọdún méjì ló ti lò níbẹ̀! Níbi tí wọ́n ń kọ ìdí tí ọmọ fi kúrò sí, wọ́n kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀ mú un lọ sóko. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Mo gbé ìwé náà lọ sí ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Àwọn àgbà ń dáhùn: "Bàbá wa nìyẹn!" "Ẹ̀gbọ́n mi tó kú sí Jọ́ọ̀sì nìyẹn!" Mo wá rán wọn létí Èsìẹ́ tó wà nítòsí wa. Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, tó ń yẹ ilé ìwé CMS, ìyẹn àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, wò, ló ròyìn àwọn ère òkúta ibẹ̀ fáyé gbọ́ ní 1933. Ní 1945 wọ́n kọ́ musíọ́mù síbẹ̀, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ̀wọ̀ fún àwọn ère náà, wọ́n ti ń ṣọdún wọn, kí òyìnbó kankan tó débẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Orí ilé la kọ́kọ́ tún ṣe, torí òjò kì í fi ògiri amọ̀ tí kò ní páànù lórí sílẹ̀. A fa páànù síta kí omi má baà máa ta sí ìdí ògiri. Bàbá bíríkìlà kan ló gbà wá lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá: a ti ra sìmẹ́ǹtì tí a fẹ́ fi rẹ́ ẹ. Ó ní sìmẹ́ǹtì yóò há omi mọ́ inú amọ̀, bó bá sì ń já, yóò ya ògiri mọ́ra. Amọ̀ tí a gé koríko sí la fi rẹ́ ẹ. Ó dúró dáadáa.

*Láti Ọ̀fà:* Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Irin rélùwéè ni agogo tiwa, wọ́n fi wáyà so ó kọ́ igi. Bí wọ́n bá lù ú, a máa ń gbọ́ ọ dé ilé ìyá mi àgbà. Ọmọkùnrin kan ti yọ ọ́, ó ti fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòpatì. Àwọn ìyá kan ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

*Láti Ìlọrin:* Wàláà ni mo kọ́kọ́ gbé kí n tó gbé síléètì. Kéwú ni bàbá mi fọkàn tán, kò fẹ́ ti ilé ìwé rárá. Áfáà mi gan-an ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti wó ilé ìwé náà o, n kò ní fọ́tò rẹ̀ kankan.

*Èmi náà ni:* Ìlọrin, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bi àwọn tẹ́ ẹ jọ kàwé, fọ́tò kíláàsì lè wà lábẹ́ àpótí ẹnì kan. Ìwé tiwa ti wà nínú àpótí irin báyìí, lórí òkúta mẹ́rin, kí ikán má baà tètè gùn ún. Mò ń fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Lójú ìwé tí ìyá mi wà, orúkọ ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé tirẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́ ku "Adé". Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìyá tó ka ìwé díẹ̀ létí Òmù-Àrán tí wọ́n wá mú lọ sóko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í léèrè.