Ṣé ìjọba lè gba akọ̀wé síṣẹ́ nígbà tí ọjà ò tà?

Akọ̀wé Àgbádárìgì:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà ọjà Agbálátà. Mo ń tẹ̀wé, mo sì ń báni kọ̀wé: lẹ́tà, ìwé ìkésíni, ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, eré fún àwọn tó ń ṣe fíìmù. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, pépà gbówó lórí, epo jẹnẹrétọ̀ gbówó lórí, àwọn oníbàárà náà sì kó ọwọ́ sápò. Ìwé ìsìnkú tó máa ń ní ojú ewé ogún tẹ́lẹ̀ ti di bébà kan tí a ká sí méjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ olóògbé kan jókòó síwájú mi, ó ń ka ohun tí mo kọ nípa bàbá rẹ̀, bí ó ṣe máa ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àgbọn lọ sí Èkó kí títì tó dé. Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì ń ṣomi. Ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó dùn o, àmọ́ ẹ yọ gbogbo ìyẹn. Ẹ fi orúkọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ sílẹ̀." Orúkọ nìkan ló kún bébà náà tán.

Mo gbọ́ lórí rédíò pé nígbà kan tí ìyà ń jẹ Amẹ́ríkà, ìjọba wọn sanwó fún àwọn akọ̀wé. Ṣé òótọ́ ni? Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n gbé fún wọn? Ṣé irú èmi yìí lè wà níbẹ̀, àbí àwọn gbajúmọ̀ nìkan? Mo fẹ́ kọ̀wé sí káńsù wa, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà.

Tíṣà Ìkòròdú:
Àbúrò, òótọ́ ni. Olùkọ́ ìtàn ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n là á. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé lọ́dún 1929, ìyà jẹ wọ́n kọjá àfẹnusọ. Ní 1935, ìjọba Franklin Roosevelt dá ètò iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WPA. Títì, afárá, ilé ẹ̀kọ́, ìyẹn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Harry Hopkins tó ń darí ètò náà ní ebi ń pa oníṣẹ́ ọnà bó ṣe ń pa gbogbo èèyàn. Bí wọ́n ṣe yọ ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún akọ̀wé nìyẹn, Federal Writers' Project, Henry Alsberg sì ni olórí rẹ̀. Nígbà tó kún jù, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lé ní 6,000.

Ẹ má rò pé gbogbo wọn ló ti ṣe ìwé jáde rí o. Olùkọ́ tí wọ́n dá dúró wà níbẹ̀, oníròyìn tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti kógbá sílé, òṣìṣẹ́ láíbìrì, àwọn tó mọ táípù. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé àwọn ò ní lọ́wọ́, ìyẹn sì korò lẹ́nu wọn, torí ta ló fẹ́ búra pé akúṣẹ̀ẹ́ lòun? Ní New York owó ọ̀sẹ̀ lé díẹ̀ ní 20 dọ́là. Ní ìhà gúúsù kò tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù rèé. Wọn ò sanwó fún wọn láti jókòó sílé kí wọ́n máa kọ ìtàn àròsọ tiwọn. Ìwé atọ́nà ni wọ́n ní kí wọ́n kọ, fún gbogbo ìpínlẹ̀ 48 tó wà nígbà náà: ta ló tẹ ìlú dó, kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, téèyàn bá gba títì báyìí, kí ló máa kọ́kọ́ rí, kí ló tún wà níwájú. Ti Idaho ló kọ́kọ́ jáde nínú ti àwọn ìpínlẹ̀, ní 1937. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ò rí orúkọ ara wọn lára ìwé. Bẹ́ẹ̀, Richard Wright, akọ̀wé aláwọ̀ dúdú tó wá di gbajúmọ̀, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ralph Ellison, tí òun náà di gbajúmọ̀ akọ̀wé, ń rìn kiri Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, ó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn sílẹ̀. Akọ̀wé obìnrin kan, Zora Neale Hurston, ti ṣe ìwé jáde kó tó wọṣẹ́ náà ní Florida.

Torí náà, bàbá alágbọn tí oníbàárà yín ní kí ẹ yọ yẹn, òun gan-an ni wọn ì bá sanwó fún yín láti kọ.

Kò pẹ́ ṣá. Lọ́dún 1939 ilé aṣòfin gé owó ìjọba àpapọ̀ kúrò níbẹ̀, torí aṣòfin kan, Martin Dies, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń pariwo pé Kọ́múníìsì ló kún inú rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ló rọ́jú gbé e dé 1943.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Tíṣà, ẹ ṣeun, àmọ́ Amẹ́ríkà lẹ ń wí. Ṣé ẹ rántí èyí tí wọ́n ṣe níbí lọ́dún 2021, ẹgbẹ̀rún èèyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo 774, 20,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́ta? Gọ́tà kíkó àti títì gbígbá. Mi ò gbọ́ ti akọ̀wé níbẹ̀. Ká tiẹ̀ ní wọ́n rántí yín, kí Akọ̀wé tó fọwọ́ kan bírò, àbúrò ìyàwó alága ti wà lórí líìsì. Ẹja ni mò ń tà ní Olúwo, èmi kì í ṣe akọ̀wé, àmọ́ mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní líìsì.

Ọmọ Gbẹ́rẹ̀fú:
Tíṣà, ẹ má bínú sà, ẹ fo ibi tó kàn wá jù. Inú ètò yẹn náà ni wọ́n ti lọ bá àwọn arúgbó tó ṣẹrú rí, kí wọ́n tó kú tán. Láàárín 1936 sí 1938, ní ìpínlẹ̀ 17, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu tó lé ní 2,300 sílẹ̀. Èmi ń mú àlejò kiri: láti ọjà ẹrú Vẹlẹ́kẹ́tẹ́, a ó wọkọ̀ ojú omi, a ó rin iyanrìn dé Point of No Return, etí òkun tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà máa ń bi mí pé kí ni àwọn tó lọ sọ. Ìyẹn ni mo fi wá a kà.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan. Ìyá àgbà kan wà ní Charleston, Susan Hamlin. Obìnrin òyìnbó kan láti inú ètò náà lọ bá a, ìyá sì rò pé ọ́fíìsì tó ń fún aláìní lówó ló ti wá. Ó ní ọ̀gá òun dáa, àwọn ẹbí ìyàwó ọ̀gá ò sì lẹ́gbẹ́. Augustus Ladson, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, náà lọ bá a. Ìyá ní àwọn kan ṣègbéyàwó lálẹ́, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá ta ìyàwó. Ìyá ọmọ bọ́ sí títì, ó ń ṣẹ́ èpè. Arúgbó kan náà, ìlú kan náà. Ẹni tó jókòó tì í ló yàtọ̀.

Torí náà, Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé, tí ẹ bá máa kọ̀wé sí káńsù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún dá wa padà sídìí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ilé alájà àkọ́kọ́. Ìyẹn ti di àkọ́sórí, mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Ìyá tó ń yọ òróró àgbọn lọ́dọ̀ wa, ta ló bi í léèrè nǹkan kan rí? Èdè Ògù ló fi ń kọrin sídìí iṣẹ́. Tí ẹni tí wọ́n rán wá bá ń fi Yorùbá Èkó bi í, "Ó dáa, a dúpẹ́" lẹ máa kọ sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Akọ̀wé Àgbádárìgì:
Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an sà. Ọmọ Gbẹ́rẹ̀fú, o là mí lójú. Ògù tèmi, ti ọjà ni: mo lè ná ẹja, mi ò lè bá arúgbó tàkúrọ̀sọ. Màá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kò gbọ́dọ̀ sí ikọ̀ akọ̀wé tí kò ní ẹni tó gbọ́ Ògù dáadáa nínú. Ní ti líìsì, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà kọ ojú ewé kan nípa àdúgbò rẹ̀, kó sì kà á sókè níwájú àwọn ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n ta ló máa ni ohun tí a bá kọ?

Tíṣà Ìkòròdú:
Ti àwọn tó ṣẹrú yẹn wà ní Library of Congress, láíbìrì àgbà ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington, ẹni tó bá ní fóònù lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Tiyín, ẹ béèrè pé kí ẹ̀dà kan wà ní láíbìrì ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ má sì béèrè fún ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí mẹ́ta.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa kà á sókè níwájú èèyàn, mo gbà. Àbúrò ìyàwó alága á sá.

Ọmọ Gbẹ́rẹ̀fú:
Ẹ má gbàgbé owó ọkọ̀ ojú omi o, àlọ àti àbọ̀. Arúgbó náà sì gbọ́dọ̀ rí nǹkan gbà, ẹ ò lè ní kó pa iṣẹ́ òórọ̀ tì lófìfo.