Kọ́ńsólù ń "ka" Unicode ni, kò "dà" á

Nínú ìrànlọ́wọ́ Linux tí a jọ ń túmọ̀ sí Yorùbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi "kọ́ńsólù ọ̀rọ̀ lásán" sílẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹni tó dá a lábàá ń wá: ojú kọ̀ǹpútà tí kò ní àwòrán, tó jẹ́ pé ohun tí a bá tẹ̀ nìkan ló ń yọ níbẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò gbọ́ "ọ̀rọ̀ lásán" tí kò ní rò pé ìsọkúsọ la fẹ́ máa kọ síbẹ̀? "Kọ́ńsólù aláìláwòrán" tó.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni gbólóhùn tí a ó fi ṣàlàyé unicode_start, àṣẹ tí a máa ń tẹ̀ lórí Linux kí kọ́ńsólù lè kúrò lórí ètò àtijọ́ bọ́ sórí Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà àti àmì onírúurú èdè ní nọ́ńbà. Àbá tó wà nílẹ̀ ni "yí kọ́ńsólù padà sí Unicode" àti "sọ kọ́ńsólù di Unicode". Ẹlòmíràn pe irú ètò bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ("encoding" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "àṣírí ìkọ̀wé".

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan. Ẹ wo ohun tí àṣẹ náà ń ṣe. Ó ń sọ fún kíbọọ̀dù pé kó máa fi Unicode ránṣẹ́. Ó ń tẹ ESC % G sí kọ́ńsólù, ìyẹn ni pé kó máa ka báìtì (ẹyọ ìsọfúnni kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń lò) tó bá ń wọlé gẹ́gẹ́ bí UTF-8, ọ̀nà tí a ń gbà fi báìtì kọ nọ́ńbà Unicode. Bí a bá dárúkọ fọ́ǹtì (àkójọ ìrísí lẹ́tà) fún un, á gbé e wọlé. Kò fọwọ́ kan fáìlì kankan. Fáìlì tí a fi Latin-1, ètò àtijọ́ tó ń lo báìtì kan fún lẹ́tà kan, kọ lánàá, Latin-1 náà ni lónìí. Àṣẹ mìíràn, iconv, ni "sọ di" yẹ, torí òun ló ń sọ fáìlì di nǹkan mìíràn. "Yí padà sí" tún wá ń dún bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wá tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ unicode_stop ni àṣẹ tó ń dá a padà.

Ẹ mú lẹ́tà ẹ. Nọ́ńbà rẹ̀ ni U+1EB9, báìtì mẹ́ta sì ni UTF-8 fi ń kọ ọ́: E1 BA B9. Kọ́ńsólù tó ń ka Latin-1 á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, áº¹ ni yóò sì gbé jáde. Ṣ kékeré á di á¹£. Báìtì yẹn kò yí padà rárá, bí a ṣe kà á ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká kọ ọ́ báyìí: "jẹ́ kí kọ́ńsólù máa ka Unicode". Ẹ má sì fi "fi hàn" rọ́pò "ka" o. Fọ́ǹtì kọ́ńsólù VGA (ètò ìgbéwòrán àtijọ́ ti kọ̀ǹpútà) kì í gbà ju ìrísí 256 tàbí 512 lọ (bí a bá sì mú 512, àwọ̀ títàn á bá a lọ), nítorí náà kọ́ńsólù lè ka ẹ tán, kó má rí ìrísí rẹ̀ nínú fọ́ǹtì.

Ní ti "àṣírí", kí la fi pa mọ́? Gbangba ni tábìlì Unicode wà. Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn de ìgbà tí a bá fẹ́ sọ nípa fífi ìsọfúnni pa mọ́ kí ẹlòmíràn má lè kà á. Àrokò ni tèmi: ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tó dúró fún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, áº¹ ni wọ́n máa gbà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti gbó jù. Èmi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Èyí tó le jù ni orúkọ tí a ó fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ní nọ́ńbà nínú Unicode. "Lẹ́tà" ni ọ̀pọ̀ yín mú. Kò lè ṣiṣẹ́. Lẹ́tà mẹ́rin ló wà nínú "gbogbo": gb, o, gb, o. Kọ̀ǹpútà á kà á sí mẹ́fà. Ẹ́ wá jẹ́ lẹ́tà kan lójú gbogbo wa, ṣùgbọ́n Unicode kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un. Ẹ ni, pẹ̀lú U+0301 tí í ṣe ohùn òkè, báìtì márùn-ún lápapọ̀. "Àmì" ni ká lò. A ti ń pe ohùn òkè ní àmì ohùn tipẹ́, nítorí náà kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àmì méjì ló wà nínú ẹ́, àti méjì nínú gb. Àwọn bí à nìkan ló fẹ́ da nǹkan rú, torí à ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+00E0, a sì tún lè kọ ọ́ ní méjì. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀rọ̀ tí a yàn.

Ó ku ìlà kan. Linux òde òní sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní UTF-8 fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ yìí wà fún, kò sì ní lè ka ẹ, ọ tàbí ṣ kankan nínú rẹ̀ títí yóò fi tẹ àṣẹ náà. A nílò gbólóhùn tí kò ní lẹ́tà olójúàmì nísàlẹ̀, tí a sì lè bọ́ ohùn lára rẹ̀ kó ṣì yéni. Èyí ni mo rí: "Bi o ba ri ami ajeji, lo unicode_start."