Ìdáhùn: "Èédú igbó" kò ní lè jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rán an

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: Ẹ̀gbọ́n wa kan ń túmọ̀ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ará abúlé tó yí igbó ọba ká ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìwé náà ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣírò kábọ́ọ̀nù tó wà nínú igbó, kí orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà tó bá dá igbó rẹ̀ sí lè rówó gbà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni Ẹ̀gbọ́n gbé síwájú wa: "èédú igbó" fún kábọ́ọ̀nù, "afẹ́fẹ́ olóró" fún kábọ́ọ̀nù dàọ́ksáìdì, "àwìn èédú" fún ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà, àti "òdiwọ̀n àná" fún iye tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìgégi ti dínkù. Àwọn kan ti ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, nínú gbogbo rẹ̀, "òdiwọ̀n" nìkan ni mo lè bá yín gbé.

Mo mọ ibi tí ẹ ti mú èédú wá. Kábọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù nínú èédú, kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé Òkè-Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń sun igi ní èédú, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń wá kó o lápò lápò. Bí ẹ bá sọ fún ará ibẹ̀ pé wọ́n fẹ́ sanwó lórí "èédú igbó", àáké ni yóò kọ́kọ́ wá. Igi tí a ní kó dúró, ọ̀rọ̀ wa ti dáná sí i.

"Afẹ́fẹ́ olóró" ńkọ́? Rédíò ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo wa, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti mú. Àmọ́ afẹ́fẹ́ olóró tí àwọn èèyàn wa mọ̀ ni ti jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odidi ìdílé mọ́ yàrá lóru. Kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì nìyẹn, ẹbí rẹ̀ ni, kì í ṣe òun. Kábọ́ọ̀nù dàọ́ksáìdì tí à ń sọ yìí, àwa gan-an ń mí i síta, ewé sì ń fà á wọlé, òun ló fi ń ṣe oúnjẹ igi. Ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni pé ó ti pọ̀ jù lójú òfuurufú, ó sì ń mú ayé gbóná. Bí a bá pè é lólóró, ọmọ ilé ìwé kan á dìde béèrè ìdí tí igi fi ń jẹ ẹ́ tí kò kú.

Ibi tí owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí á ti ṣọ́ra jù. Ẹ jẹ́ ká wọ inú igbó lọ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń kọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi okùn pààlà ibi tí wọ́n fẹ́ wọ̀n. Wọ́n á wọn mítà 1.3 láti ilẹ̀ sókè, ìyẹn déédéé àyà àgbàlagbà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fi téèpù yí igi ká. Bí gbòǹgbò igi bá ga kọjá ibẹ̀, wọ́n á sún téèpù sókè. Wọ́n á fi 3.14 pín àyíká náà, wọ́n á rí ìdábùú. Ìdábùú yìí, gíga igi, àti irú igi tó jẹ́ (arère fúyẹ́, ìrókò wúwo) ni wọ́n fi ń ṣírò ohun tí igi náà yóò wọ̀n bó bá gbẹ, láì gé e lulẹ̀. Àwọn oníṣòwò gẹdú kò ní rí nǹkan tuntun nínú téèpù yẹn.

Ká ní igi kan wọn tọ́ọ̀nù 2 ní gbígbẹ. Òdiwọ̀n tí IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, fi lélẹ̀ ni pé kábọ́ọ̀nù jẹ́ 0.47 nínú rẹ̀, ìyẹn 0.94 tọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ọjà kì í ka kábọ́ọ̀nù báyẹn. Tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù dàọ́ksáìdì ni wọ́n ń kà, nítorí náà ẹ ó sọ 0.94 di ìlọ́po 44, ẹ ó sì fi 12 pín in: ó di nǹkan bíi 3.45. Igi kan ṣoṣo ni o! Bí ìwé wa bá pe méjèèjì ní "èédú", tí ẹnìkan wá dúnàá-dúrà pẹ̀lú baálẹ̀ lórí "tọ́ọ̀nù èédú", èwo ni wọ́n ń sanwó lé? Baálẹ̀ lè pàdánù ohun tó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, kó sì máa dúpẹ́. Ohun tí mo fara mọ́ ni "kábọ́ọ̀nù inú igi" fún kábọ́ọ̀nù, àti "kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́" fún kábọ́ọ̀nù dàọ́ksáìdì. Wọn ò dùn létí tó ti Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ wọn á mọ̀ pé nǹkan méjì ni.

"Àwìn èédú" kò tilẹ̀ yẹ kó pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó bá ra àwìn ti jẹ gbèsè, nígbà tó jẹ́ pé ará abúlé ló yẹ kí wọ́n sanwó fún. Ìwé ẹ̀rí ni nǹkan náà: ìwé kan, tọ́ọ̀nù kan kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ tí kò jáde, tàbí tí igi ti fà padà. "Ìwé-ẹ̀rí kábọ́ọ̀nù" ti tó. Kí Ẹ̀gbọ́n sì fi gbólóhùn kan sí i pé kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe igi, ni wọ́n ń tà. Àìgé ni ọjà náà.

Ìyẹn ló mú mi dé "òdiwọ̀n àná". Ó bọ́ sí i fún orílẹ̀-èdè tó ti ń gé igbó ní àgésọnù, tó sì fẹ́ dẹwọ́. Ẹ wo Guyana o, orílẹ̀-èdè kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní 2009, Nọ́ọ́wè ṣèlérí owó tó tó mílíọ̀nù 250 dọ́là fún wọn lórí igbó. Guyana kì í fi bẹ́ẹ̀ gégi tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ àná rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀, owó wo ni yóò gbà? Ẹni tí kò jalè lánàá, kí ló fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí? Wọ́n wá pa ìwọ̀n ìgégi Guyana pọ̀ mọ́ ìpíndọ́gba ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Nítorí náà "òdiwọ̀n ìfiwéra" ni kó jẹ́, yálà àná ẹni ni wọ́n fi wé e tàbí ti ẹlòmíràn.

Àwọn tó ní kí á lo "ìjíhìn" dípò "ìṣirò": ẹni tó gbowó ló ń jíhìn. Ẹni tó di téèpù mú ń ṣírò.

Ó ku "igbó" fúnra rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn. (Àwọn ọ̀dọ́ á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n mọ igbó mìíràn.) Lẹ́nu wa, oko tí a fi sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ lè di igbó. Lọ́dọ̀ FAO, àjọ àgbáyé lórí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, igbó gbọ́dọ̀ ju ìdajì hẹ́kítà lọ, kí igi rẹ̀ lè ga ju mítà 5 lọ, kí ewé orí wọn sì bo ju ìdá 10 nínú 100 ilẹ̀ náà lọ. Oko ọ̀pẹ àti oko kòkó kò sí níbẹ̀. Ní Oǹdó, níbi tí kòkó ti wọnú igbó ọba, ọ̀rọ̀ yìí lè dá ìjà sílẹ̀, kí ìwé wa ti tètè sọ ọ́ ní ojú ewé kìn-ín-ní. "Ìpagbórun" wà fún èyí tí wọ́n gé tán pátápátá. Fún èyí tí wọ́n ṣa igi ńlá inú rẹ̀ kúrò, tó ṣẹ́ ku pàǹtí, mo dábàá "igbó tó di igbẹ́". Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó máa tẹ ìwé náà kò gbọdọ̀ fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí "i" yẹn.

Èyí tí ń kò rí ojútùú sí ni tí agégẹdú tí wọ́n lé kúrò nínú igbó kan bá lọ ń gé ti ìlú kejì. Wọ́n máa ń yọ irú ìgégi bẹ́ẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n máa sanwó lé, torí igbó ti ibí là, ti ọ̀hún kú. Ẹnìkan ní ká pè é ní "jíjò", àmọ́ òrùlé àti garawa ló ń jò. Ẹ̀yin ará Ìdànrè àti Òrè tó wà láàárín wa, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín. Kí lẹ máa ń pè é? Bó bá ti ní orúkọ lẹ́nu yín, òun ni kí Ẹ̀gbọ́n kọ sílẹ̀.